Lálúpọn: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ojú Irin?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1957, ọkọ̀ rélùwéè yẹ̀ kúrò lórí irin ní Lálúpọn, ní ilẹ̀ Lágelú wa níhìn-ín. Òjò ńlá ló wọ́ ilẹ̀ abẹ́ irin lọ. Ènìyàn tó lé ní 60 ló kú. Àwọn tó fara pa lé ní 100. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń gba Lálúpọn kọjá lọ sí Ìwó lónìí ni kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni èyí. Ẹni tó ti kọ ebè rí mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti ń mumi láti oṣù Kẹfà kò níbi tí yóò gbé òjò oṣù Kẹsàn-án sí mọ́. Bí a kò bá la ọ̀nà fún àgbàrá, ebè yóò wó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkìtì tí a gbé irin lé. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, wó afárá púpọ̀ ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kò tíì dágbére fún wa. Kí a ro ojú àgbàrá ẹ̀bá irin, kí ihò omi abẹ́ rẹ̀ má ṣe dí, kí ẹnìkan sì fẹsẹ̀ rìn ín wò lẹ́yìn òjò ńlá kí ọkọ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ ọkọ́ àti àdá ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí irin bá sì yẹ̀, bí èrò ṣe pọ̀ tó nínú ọkọ̀ ni òfò yóò ṣe pọ̀ tó. Ní Èkó, ọdún púpọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gun òrùlé ọkọ̀ tó ń ti Ìjókò lọ sí Ìddó, nítorí inú rẹ̀ ti kún. Àwọn kan ń pè wọ́n ní aláìgbọ́n. Àwa kò bá wọn pè é. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè, tí kò rí ọkọ̀ mìíràn, ohun tó bá rí ni yóò gùn. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni kí a bi: tíkẹ́ẹ̀tì mélòó lo tà, ìjókòó mélòó lo ní? Nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ojú irin Lálúpọn yìí ni ọkọ̀ ọ̀fẹ́ Ìjọba Ọ̀ṣun ń gbà láti Èkó lọ sí Òṣogbo ní àkókò ọdún. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò ní kí a má ka orí èrò.

Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ọdún 1957. Kò tíì pé oṣù méjì tí òfò Lálúpọn fi dé, ṣùgbọ́n rélùwéè kò sí lọ́wọ́ wa. Ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Àwáwí yẹn ti tán. Àtúnṣe Òfin Orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, ti fún ìpínlẹ̀ láyè nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè. Láti ọdún 2021 sì ni irin tuntun ti dé Mọ́níyà, ní Akínyẹlé, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe ibùdókọ̀ rẹ̀. Orúkọ náà tọ́ sí i. Ìtọ́jú ojú irin ni a ń bèèrè báyìí.

Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Akínyẹlé àti Lágelú kọ orúkọ gbogbo ibi tí ọ̀nà oko ti gba orí irin kọjá láìsí ẹ̀ṣọ́, àti ibi tí àgbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ lẹ́bàá irin. Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, bí irin kò bá tilẹ̀ gba oko yín, àwọn ọmọ yín ń wọ̀ ọ́. Ẹ bá wa fọwọ́ sí ìwé náà. Kí ó dé ọwọ́ àwọn aṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ní Agodi, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.