Kí O Tó Ta Ẹyin Rẹ

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Òkìtìpupa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan hàn mí lórí WhatsApp. Alágbàtà kan ń wá àwọn ọmọbìnrin tí ara wọn le, tí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, láti "ran àwọn tó ń wá ọmọ lọ́wọ́". Owó tó dárúkọ ju owó ilé ìwé wa fún ọdún kan lọ, ó sì máa san owó mọ́tò dé Èkó. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí wọ́n máa ṣe sí ara ọmọbìnrin náà. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Ṣé kí n lọ?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì mi nìyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, n kò bá àwọn tó ń wá ọmọ jà. Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ ohun tí ojú obìnrin tí kò bímọ máa ń rí: orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn, ìbéèrè ìyá ọkọ, ìyàwó kejì tó ń bọ̀ lọ́nà. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ara ọkọ ni ìṣòro náà wà. Àwọn kan ní IVF lòdì sí iṣẹ́ Ọlọ́run. N kò gbà. Bí ẹni tí kò ríran dáadáa bá lo awò ojú, a kì í sọ pé ó bá Ọlọ́run jà. Ní 1978 ni wọ́n bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí lọ́nà yìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1989, iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru so irú èso bẹ́ẹ̀ ní LUTH, Èkó. Ìmọ̀ tó ń nu omijé nù ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹyin ìyàwó kò bá dára mọ́, ẹyin ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń lò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ẹyin kan ni ara obìnrin sábà máa ń tú sílẹ̀ lóṣù. Kí ó tó mú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa gún un ní abẹ́rẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gígùn gba ojú ara rẹ̀ fa ẹyin náà jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ láìséwu. Àwọn mìíràn, ilé ẹyin wọn á wú, omi á kún ikùn wọn. Bó bá le gan-an, ó lè mú ẹ̀mí lọ. Ta ni yóò tọ́jú ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn tó ti padà sí Òkìtìpupa, tí kò sì lè sọ ibi tó lọ fún ìyá rẹ̀?

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti 2014 ka ṣíṣe ẹ̀dà ènìyàn àti kíkó ọlẹ̀ ènìyàn wọ ìlú tàbí jáde léèwọ̀. Kò sọ iye ìdílé tí ẹyin ọmọbìnrin kan lè dé. Ní Britain, kò gbọdọ̀ ju ìdílé mẹ́wàá lọ. Ọmọ tí a bí láti ara ẹyin tí wọ́n fi tọrẹ lẹ́yìn April 2005 sì lè béèrè orúkọ ẹni náà tó bá pé ọdún 18.

Ẹ má pe èyí ní àṣà òyìnbó. Kí àwa náà tó fi ọmọ fọ́kọ, a máa ń wádìí ìdílé, kí ẹbí má baà fẹ́ ẹbí. Báwo la ṣe máa wádìí ìdílé tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀?

Ẹnìkan á ní, "Ara mi ni, mo nílò owó." Òótọ́ ni, n kò sì ní bú ẹni tó lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ẹni tí ebi ń pa láti sọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún alágbàtà.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, béèrè mẹ́ta: Ta ni yóò tọ́jú mi bí ara mi kò bá dá? Ìdílé mélòó ni ẹyin mi máa dé? Níbo ni wọ́n máa kọ orúkọ mi sí, kí ọmọ náà lè rí i lọ́jọ́ iwájú? Bí wọn kò bá lè dáhùn, má wọ mọ́tò náà. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ sọ àwọn ìbéèrè yìí di òfin, kó má baà jẹ́ pé omijé obìnrin kan ni a nù, tí a sì dá ti òmíràn sílẹ̀.