Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Ta Á

Lójú tèmi, eré tó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ní fóònù lọ́wọ́ kọ́ báyìí ni ayò ọlọ́pọ́n. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín: ayò kẹ̀? Ṣebí eré àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ni? Ẹ ní sùúrù.

Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan tí eré bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Kò sóhun tẹ́nì kan fi pamọ́. Ẹni tó bá kà á dáadáa ló ń jẹ.

Ká ní ọmọ márùn-ún wà nínú ilé rẹ kẹrin láti ọwọ́ òsì. O kó o, o ń pín in lọ sọ́wọ́ ọ̀tún: ọ̀kan bọ́ sílé karùn-ún, ọ̀kan sí ìkẹfà, mẹ́ta tó kù wọ ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ. Tí èyí tó gbẹ̀yìn bá sọ ọmọ inú ilé tó bọ́ sí di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ wọ́n nìyẹn. Òpè á ti nawọ́. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò í ta, á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: tí mo bá jẹ èyí, kí ni òun náà máa jẹ lọ́dọ̀ mi? Nígbà míì á fi jíjẹ kékeré yẹn sílẹ̀, á máa kó ọmọ jọ sílé kan títí yóò fi di odù.

Àwọn tó ń ta káàdì bridge náà mọ ọgbọ́n yìí. Ènìyàn mẹ́rin, káàdì 13 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí alátakò bá ti ju káàdì àkọ́kọ́, ẹnìkejì ẹni tó fẹ́ ta á máa tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Á ka iye tó dá a lójú pé òun á jẹ, á ka iye tó kù, á sì wá ibi tó ti máa rí i.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ò kọ́ wa báyẹn. Ní Òmù-Àrán bíi ti Èkó, ó ní ká kọ́kọ́ fowó sílẹ̀ ná, ká tó máa gbàdúrà. Tó o bá pàdánù, á ní kó o tún gbìyànjú. Ayò á bi ọ́ pé: níbo lo ti kà á ṣì?

Ẹ̀yin kan á ní ayò kì í fúnni lówó. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ́ lára láti kà á kó tó ta á, kò ní gba owó yá lórí áàpù láìmọ iye tó máa san padà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Ní Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta ìgbàanì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ yẹ ère. Kò yẹ ayò. Kí iléèwé girama kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Ìgbómìnà gbé ọpọ́n díẹ̀ sí kíláàsì, kí wọ́n pe àwọn bàbá tó mọ̀ ọ́n ta wá kọ́ àwọn ọmọ, kí iléèwé sì máa bá iléèwé díje. Owó ọpọ́n ò tó owó tẹ́tẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.