Àgbá Tí Kò Lórúkọ, Ẹ Má Gbé E Wọ Ọjà

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin elépo, aláta, ẹlẹ́ja, oníṣu, ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ta omi àti gààrí,   ọ̀rọ̀ àgbá ni a mú wá lóṣù yìí: àgbá oníke aláwọ̀ búlúù, àti kẹ́ẹ̀gì ńláńlá, tí wọ́n ń kó jáde láti àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tà fún wa.

Gbogbo wa la mọ bí agbègbè wa ṣe yí padà. Ní 2006 ni wọ́n dá Free Zone Lẹ́kkí sílẹ̀. Ibi tí àwọn ìyá wa mọ̀ sí oko àgbọn àti abúlé apẹja ti di ibi ilé-iṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Oníbàárà pọ̀ sí i, àwa náà sì ń jẹ níbẹ̀, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé-iṣẹ́ bá pọ̀ sí, kẹ́míkà á pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí kẹ́míkà bá wà, àgbá òfìfo ò ní ṣàìjáde. Owó rẹ̀ sì rọjú ju tuntun lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣojú wa. Ọ̀kan nínú àwa elépo ra àgbá méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń fi ọmọlanke kó o kiri. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé imú sí i, kò gbóòórùn kankan. Ló bá da epo pupa sí i. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, epo ti ń rùn bí ọ̀dà ìkunlé. Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kó sè é kí òórùn lè lọ. Àwọn kan ní kó tà á fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ ń sunkún, torí owó àjọ ló fi ra epo náà. Níkẹyìn a ní kò gbọdọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ sì dá owó fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò lè dáhùn: kí ló wà nínú àgbá yẹn tẹ́lẹ̀? Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha ìwé ara rẹ̀ kúrò.

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn wá. Torí ayé ti wá ọgbọ́n tí a fi ń mọ ohun tí kẹ́míkà máa ṣe nínú ara kí ó tó ṣe é. Láyé àtijọ́, ara eku àti ehoro ni wọ́n ti ń dán gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n láàbù àti kọ̀ǹpútà ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń wò, kò sí elépo tí kò ní yé: ṣé epo ni nǹkan yìí ń bá rìn ni, àbí omi? Wọ́n á da omi pọ̀ mọ́ nǹkan kan tó ń jẹ́ octanol, tó ń ṣe bí òróró. Wọ́n á fi kẹ́míkà sí i, wọ́n á mì ín. Tó bá silẹ̀, èyí tó dà bí òróró á léfòó, omi á wà nísàlẹ̀. Wọ́n á wá wo ibi tí kẹ́míkà sá sí jù. Ìdí ni pé ọ̀rá wà nínú awọ ara wa àti nínú ìfun wa. Ohun tó bá fẹ́ràn epo máa ń rọ́nà gbabẹ̀ wọlé ju èyí tó fẹ́ràn omi nìkan lọ. Wọ́n tún ń wo bí ẹyọ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ní 1997, Christopher Lipinski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Pfizer sọ ọ́ di òfin kékeré tí àwọn tó ń ṣe oògùn ṣì ń lò títí dòní: bí ìwọ̀n ẹyọ oògùn bá ju 500 lọ, tó sì fẹ́ràn epo ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kó má lè ti inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Wọ́n tún ní sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Caco-2, tó wá láti ara jẹjẹrẹ ìfun ènìyàn. Wọ́n á gbìn ín sórí asẹ́ tín-ín-rín. Tó bá fi máa di nǹkan bí ọjọ́ 21, á ti bo asẹ́ náà bí awọ inú ìfun. Wọ́n á da oògùn sókè, wọ́n á wo iye tó jò bọ́ sísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà, wọ́n á kó o fún kọ̀ǹpútà. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tox21, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ti fi ẹ̀rọ dán nǹkan bí 10,000 kẹ́míkà wò lára sẹ́ẹ̀lì. Bí kẹ́míkà tuntun bá dé, kọ̀ǹpútà á wo bí wọ́n ṣe to ara rẹ̀, á ní: èyí jọ àwọn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ ṣọ́ra.

Ṣé àwa náà ò kúkú ń ṣe irú rẹ̀? Ẹni tó ti ta iṣu fún ogún ọdún, tó bá gbé iṣu kan sọ́wọ́, ó ti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn iṣu tó ti rí sẹ́yìn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe awo, ìrírí ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àpò tí wọ́n ti rán lẹ́nu síwájú oníṣu yẹn, kí ẹ ní kó sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Kí ló fẹ́ sọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀, orúkọ kẹ́míkà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ha orúkọ kúrò lára àgbá, ó ti sọ gbogbo iṣẹ́ láàbù di òfo.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń ṣàsọdùn, kí ó gbọ́ ìtàn diethylene glycol. Ó mọ́ bí omi, ó ki bí omi ṣúgà, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ní 1937, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi po oògùn olómi láìdán an wò. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti mọ̀ pé májèlé ni. Síbẹ̀, ní 1990, àwọn dókítà ní Jos kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ 47 ló kú lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi tó ní in nínú. Ní 2008 wọ 2009, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà níbí. Propylene glycol ni wọ́n rò pé àwọn rà, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe oògùn. Ọwọ́ oníṣòwò kan ní Èkó tí kò gbàṣẹ ni wọ́n ti rà á, diethylene glycol sì wà nínú rẹ̀. Ní 2022, nǹkan bí ọmọ 70 tún kú ní Gambia. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe pé ìmọ̀ ò sí. Ohun tó wà nínú àgbá àti orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni kò bára mu.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń pọnmi sínú àgbá yìí, ta ló kú?" Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídà nù. Àgbá mìíràn wà tó jẹ́ pé òróró jíjẹ tàbí omi èso ló gbé wá, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ láìsí orúkọ? Gbogbo májèlé kọ́ ló ń pani lọ́jọ́ kan. Òmíràn á máa ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa pè é ní àìsàn àgbà. Ẹ tún rántí ohun tí a sọ nípa epo àti omi. Kẹ́míkà tó fẹ́ràn epo máa ń wọ inú ike lọ. Omi àti ọṣẹ lè má lè fà á jáde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da epo pupa sí i, á bá epo jáde. Ohun tó ṣe arábìnrin wa nìyẹn. Ìwẹ̀ kò sì lè sọ àgbá bẹ́ẹ̀ di ìkòkò oúnjẹ.

Ohun kan tún wà tí kọ̀ǹpútà ò lè mọ̀ àfi tí a bá sọ fún un: bí àwa ṣe ń lo nǹkan. DDVP tí wọ́n ṣe fún kòkòrò, àwọn kan nínú wa ń fọ́n ọn sínú àpò ẹ̀wà. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré, 100ml. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ò ṣírò ti ẹni tó máa sè é jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó ṣírò àgbá kẹ́míkà mọ́ epo ọbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn onímọ̀ wa ní yunifásítì wá sí ọjà wá béèrè, kí wọ́n tó jókòó ti ẹ̀rọ.

Kí la wá fẹ́? Ọ̀dọ̀ ara wa la ó ti bẹ̀rẹ̀. Àgbá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá ti ha ìwé ara rẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ tó. Èyí tó bá ní àwòrán agbárí òkú, tàbí àwòrán èèyàn tí àyà rẹ̀ fọ́ bí ìràwọ̀, kò gbọdọ̀ wọ ọjà. Bí ìwé bá wà lára rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CAS. Orúkọ lè yí láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, nọ́ńbà yìí kì í yí. Ti diethylene glycol ni 111-46-6, ti propylene glycol ni 57-55-6. Ọmọ yín tó ní fóònù lè fi nọ́ńbà yẹn wá gbogbo ohun tí láàbù ti mọ̀ nípa rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tó wà ní Free Zone, a ò nàka sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a ń bẹ̀ yín. Ẹ lu àgbá òfìfo yín níhò kó tó jáde lẹ́nu géètì, tàbí kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Ìwé kan wà tó máa ń bá kẹ́míkà rìn, tí wọ́n ń pè ní Safety Data Sheet. Orí 16 ló ní. Orí 4 sọ ìtọ́jú àkọ́kọ́, orí 11 sọ oró tí kẹ́míkà náà ní fún ara. Inú orí 11 yẹn ni iṣẹ́ láàbù àti ti kọ̀ǹpútà ń já sí. Ẹ túmọ̀ orí méjèèjì sí Yorùbá fún àwọn ìlú tó yí yín ká. Ẹ̀yin LASEPA àti NAFDAC, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá kú kí ẹ tó yọjú sí àwọn tó ń ta àgbá.

Ọlọ́gbọ́n ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti mọ oró tó wà nínú àgbá. Tiwa ni pé kí a má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà. Àánú owó tí a fi ra epo ṣe wá, ṣùgbọ́n owó a máa padà wá. Ọmọ tó bá lọ kì í padà.