Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Nà Wá

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì dá mi lẹ́bi. Ìyá Aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìwé mi ní Tákíè níhìn-ín ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Obìnrin náà kì í wo bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí wàhálà Ife Àgbáyé ti ọdún 2026 bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ìṣirò, ó mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ni fún ọdún 35 lọ.

Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ ní ìgbà mẹ́wàá ni àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù nínú ìsọ̀rí yẹn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n nà wọ́n?”

Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.”

“Gúúsù Áfíríkà tí ó ṣe ipò kìíní ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀kan lórí pápá, ẹ̀ẹ̀kan lórí ìwé.”

Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mejì mú ọ̀nà pọ̀n, ẹni tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀kan jókòó sílé. Irú ìṣirò wo nìyẹn?” Mo ṣèlérí fún un pé n ó kọ ọ́ síbí, kí ọmọ rẹ̀ lè kà á fún un.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Wọ́n pín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó fẹ́ lọ sí ìsọ̀rí mẹ́sàn-án. Ìsọ̀rí C ni tiwa: Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Rwanda, Lesotho, Zimbabwe, àti Benin tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì. Olúkúlùkù yóò pàdé ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nílé, ẹ̀ẹ̀kan lájò. Ẹni tí ó bá borí yóò gba àmì 3, ẹni tí ó bá ta ọ̀mì yóò gba àmì 1, ẹni tí wọ́n bá nà yóò lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó bá ṣe ipò kìíní ni yóò lọ tààrà. Nínú àwọn tí ó bá ṣe ipò kejì, àwọn mẹ́rin tí ó dára jù yóò tún lọ bá ara wọn jà ní Mòrókò.

“Nílé” tí mo wí yẹn, kì í ṣe ilé fún gbogbo wọn o. Zimbabwe kò ní pápá tí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí, nítorí náà ìlú Huye ní ilẹ̀ Rwanda ni wọ́n ti gbà wá lálejò. Lesotho gbà wá ní Polokwane, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Benin gbà wá ní Abidjan. Mẹ́ta nínú mẹ́fà, ìsọ̀ àyálò ni wọ́n fi ń tajà! Àwa ni a ní ilé, ní Uyo, tí pápá rẹ̀ tutù minimini. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi ilé náà ṣe.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Lesotho wá bá wa ní Uyo. A ta ọ̀mì, 1-1. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a bá Zimbabwe ta ọ̀mì, 1-1. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Gúúsù Áfíríkà wá sí Uyo, ọ̀mì ni, 1-1. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, Benin na wá 2-1 ní Abidjan. Ta sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Benin? Gernot Rohr, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún 2016 títí di ọdún 2021, tí ó mọ ibi tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé wa pamọ́ sí. Ìgbà mẹ́rin tí a jáde, àmì 12 wà nílẹ̀, 3 péré ni a rí kó. Finidi George tí ó ń kọ́ wọn nígbà náà kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ni ó gbá góòlù tí ó gbé wa lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Algiers ní ọdún 1993. José Peseiro ti wà ṣáájú rẹ̀. Eric Chelle, ọmọ Mali, ni ó gba iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ìsọ̀rí kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta.

Ìyá Aláṣọ dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu níbẹ̀. Ó béèrè bí ọ̀mì ti rí gan-an. Mo ní, ó dà bí ẹni pé ẹ ra aṣọ, ẹ tà á ní iye tí ẹ rà á. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, “Hẹ̀n, gbèsè nìyẹn. Owó ọkọ̀ ti lọ, owó ìsọ̀ ti lọ.” Mo wò ó, mo ní irú obìnrin yìí ni ó yẹ kí a fi ṣe alákòóso bọ́ọ̀lù wa.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025 ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé ojú ṣì ń tì mí. Chelle ti fi 2-0 na Rwanda ní Kigali ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ọkàn gbogbo wa sì ti balẹ̀. Oṣù ààwẹ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni tí ó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé tẹlifíṣọ̀n síta, ó tan jẹnẹrétọ̀, a pé lé e lórí. Zimbabwe ni ó tún wá, ní Uyo. Bọ́ọ̀lù kò wọlé, kò wọlé, títí Victor Osimhen fi forí kàn án wọlé nígbà tí ó ku bí ìṣẹ́jú 16. Inú wa dùn. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo kọjú sí àwọn ènìyàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlàyé bí àmì wa yóò ti rí. Bí mo ti kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n báyìí ni igbe ta. Èmi rò pé àwa ni a tún gbá òmíràn wọlé, mo sì jó. Mo jó dáadáa. Àṣé Tawanda Chirewa ti Zimbabwe ni ó gbá a wọlé, ní ìṣẹ́jú 90. Ó tó ọmọ mẹ́ta tí mo kọ́ rí tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n rí mi. Àmì 2 ni ó bọ́ lọ́wọ́ wa ní ìṣẹ́jú kan yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fi í sápò.

Lẹ́yìn èyí ni oore kan dé tí a kò bẹ̀bẹ̀ fún. Gúúsù Áfíríkà ti fi 2-0 na Lesotho ní oṣù kẹta yẹn kan náà, ṣùgbọ́n Teboho Mokoena tí wọ́n mú wọ pápá ti gba káàdì ìkìlọ̀ méjì ṣáájú, ó sì yẹ kí ó jókòó. Kò sí ẹni tí ó rántí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, àjọ FIFA gba àmì 3 náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Lesotho ni ó borí, 3-0. Ẹ̀ẹ̀kan lórí ìwé tí mo wí nìyẹn. A ti fi àmì 6 wà lẹ́yìn wọn. Ó wá ku 3.

Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ó lọ. N kò dáhùn. Mo ti jẹ ìyà irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2005, nígbà tí mo ń kọ́ kíláàsì kẹfà, àwa àti Angola ni a jọ ń du ọ̀nà Jámánì. Mo kọ gbogbo góòlù sójú pátákó, mo sì fi àwọn ọmọ lọ́kàn balẹ̀ pé bí àmì bá dọ́gba, àwa ni a ó lọ. Ní Sátidé ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, a fi 5-1 na Zimbabwe ní Abuja. Angola fi 1-0 péré na Rwanda. Àmì 21 fún wa, àmì 21 fún wọn. Góòlù tí a gbá fi 14 lé sí èyí tí wọ́n gbá wọlé wa. Tiwọn fi 6 lé. Angola ni ó lọ! Òfin ìgbà náà ni pé kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn méjèèjì fi ojú ara wọn rí, Angola sì ti nà wá 1-0 ní Luanda, wọ́n bá wa ta ọ̀mì ní Kano. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ ní kíláàsì. Ó ní, “Sà, ṣé kí a pa ìṣirò yẹn rẹ́?”

Ó wá di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Benin ni ó wà lókè pẹ̀lú àmì 17, Gúúsù Áfíríkà ní 15, àwa ní 14. Benin ni ó sì ń bọ̀ wá bá wa ní Uyo.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni àna mi dé. Ọkọ àbúrò ìyàwó mi ni, ará Kétu, oníṣòwò, ó máa ń sùn sílé wa bí ó bá wá ra ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mọ̀ pé ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní ọdún 1889 ni ó gbé Kétu sọ́hùn-ún, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀. Nínú àwọn tí ó wọ aṣọ Benin nínú ìdíje yìí, ẹnì kan ń jẹ́ Junior Olaitan, ẹnì kan ń jẹ́ Tosin Aiyegun, Èkó ni wọ́n sì ti bí èyí kejì. Àna mi wọ aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù Benin sábẹ́ agbádá. Kò fi pamọ́. Ìyàwó mi ro iyán, a jẹun tán, a jókòó.

Kí bọ́ọ̀lù tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, Osimhen ti gbá ọ̀kan wọlé. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó gbá èkejì. Wọ́n padà dé, ó gbá ẹ̀kẹta. Nígbà tí rẹfirí ti fẹ́ súfèé àṣekágbá, Frank Onyeka fi ẹ̀kẹrin dé e. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fò sókè, ó sì na ìka mẹ́rin sí àna mi lójú.

Mo gbá a lọ́wọ́. Kì í ṣe nítorí ìwà ọmọlúwàbí nìkan o. Bàbá mi ń ṣòwò ní Tamale ní ọdún 1960, nígbà tí a kọ́kọ́ wá ọ̀nà Ife Àgbáyé, tí Gánà nà wá 4-1 ní Accra kí a tó ta ọ̀mì 2-2 ní Èkó. Ó máa ń sọ fún wa pé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn oníbàárà òun kì í kí òun mọ́. Ìka mẹ́rin ni wọ́n ń nà sí òun kí wọ́n tó dá ọjà. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ìjọba Gánà lé wọn wálé, àwọn ará ìlú wa tí ó kàn kò kéré. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọjà tí ó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìka mẹ́rin náà títí ó fi kú.

Ọ̀rọ̀ sì ti dé láti ọ̀hún pé Gúúsù Áfíríkà ti fi 3-0 na Rwanda. Wọ́n di 18. Àwa di 17, Benin wà lórí 17 rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àṣẹ́kù góòlù ni òfin kọ́kọ́ wò: tiwa jẹ́ 7, ti Benin jẹ́ 1. A ṣe ipò kejì. Ẹni tí ó jí ní ipò kìíní sùn ní ipò kẹta.

Àna mi ká agbádá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ̀yin ti lọ. Àwa kò lọ rí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ lọ, n kò ní í bínú. Ṣùgbọ́n ẹ pa wá tán, ẹ gbé ẹran náà fún ẹlòmíràn.” Mo wá ohun tí n ó sọ, n kò rí i. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ó fi gba gáréèjì lọ, kò sì ra ìdajì ọjà tí ó wá rà. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán, bí ẹni pé èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù.

Ti Mòrókò kò gùn. Àwọn ọmọ wa kọ̀ láti ṣe ìgbáradì fún ọjọ́ kan nítorí owó tí a jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n fi 4-1 na Gabon. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, wọ́n bá Kóńgò ti Kinshasa ta ọ̀mì 1-1, Kóńgò sì borí nínú pẹ́nárítì, 4-3. Àwọn ọ̀dọ́ Tákíè ní pẹ́nárítì ni ó pa wá. Àwọn mìíràn ní owó ni. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n Ìyá Aláṣọ ni mo fẹ́ dá lóhùn. Màmá, ìgbà mẹ́rin ni a borí, ìgbà márùn-ún ni a ta ọ̀mì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n nà wá. Gúúsù Áfíríkà borí nígbà márùn-ún. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọ̀mì márùn-ún yẹn, èyí tí ó bá wù yín, kí ẹ sọ ọ́ di èrè: àmì 19 ni a bá ní, a bá sì ti lọ tààrà. Mo mú ti Zimbabwe ní Uyo, nítorí ijó mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Kóńgò lé wa, fóònù mi dún. Àna mi ni, láti ìgbà tí ó ti lọ kò pè mí. Ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, ó béèrè iye tí òfì ń lọ, ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kò mẹ́nu kan bọ́ọ̀lù. Ó ní kí n gbé fóònù fún ọmọ náà. Ọmọ náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Ẹ ṣé, sà.” Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì rọra na ìka mẹ́rin sí mi lójú.