Kòkòrò àti Orúkọ Rẹ̀: Ọ̀ràn Àwọn Olùrànlọ́wọ́ Àgbẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí sáyẹ́ǹsì mu gan-an, nítorí pé orúkọ tí a bá fún ohun kan ni aráyé yóò fi máa wò ó. Láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí a kò wo ilé kí a tó lò nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kòkòrò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ibi ni kòkòrò sábà máa ń ṣe. Kòkòrò tí ó ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Kòkòrò ni a ní ó ń jẹ eyín. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ìlera dé, kòkòrò náà ni a tún fi pe ohun àìfojúrí tí ó ń fa àrùn. Nígbà tí àrùn éèdì sì dé, kòkòrò apa-sójà-ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ fáírọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí olùkọ́ bá wá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe oyin, agbọ́n àti aláǹtakùn, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti dá wọn lẹ́bi kí ó tó mọ iṣẹ́ wọn.

Kí a mú àgbẹ̀ Ìjàrà-Ìsin, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Bí ó bá rí i pé ìdin ti dá ewé àgbàdo lu, ọjà ni yóò gbà lọ, yóò sì ra ohun tí a ń pè ní oògùn apakòkòrò. Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú orúkọ yìí. Èkíní, òótọ́ ni pé oògùn lè wo ni sàn, ó sì lè pa ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe é fún ni ó ń wá lọ. Ohun tí ó wà nínú ìgò náà kò mọ ẹni tí a rán an sí. Èkejì, apakòkòrò kò sọ irú kòkòrò tí yóò pa. Bí ó ti ń pa ìdin tí ó ń jẹ àgbàdo ni ó ń pa ẹ̀dá tí ó ń pa ìdin jẹ. Lẹ́yìn náà, ìdin a tún padà wá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, nítorí pé ọdẹ tí ó ń ṣọ́ wọn ti kú.

Ìtàn ẹ̀gẹ́ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Ní 1973, a rí kòkòrò kan ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville, tí lẹ́búlẹ́bú funfun bo ara rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, tí ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu títí ewé orí rẹ̀ yóò fi súnkì. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wá. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti dé Nàìjíríà. Ní 1981, a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé Paraguay, a sì rí agbọ́n wínníwínní kan níbẹ̀, Anagyrus lopezi, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà méjì lọ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, níbi tí Hans Herren ti darí iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Agbọ́n náà tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó ju ogún lọ ní Áfíríkà, Herren sì gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Nígbà tí kòkòrò funfun náà dé oko ẹ̀gẹ́ Thailand, láti orílẹ̀-èdè Benin ni a ti kó agbọ́n yìí lọ síbẹ̀ ní 2009. Ẹni tí ó ń jẹ gàrí ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí jẹ ẹ̀dá yìí ní gbèsè. Orúkọ wo ni olùkọ́ yóò wá pè é?

Bí ó bá pè é ní agbọ́n lásán, ẹ̀rù yóò ba àgbẹ̀, nítorí pé agbọ́n tí ó mọ̀ a máa ta ni. Èyí kì í ta ènìyàn. Bí ó bá pè é ní àfòmọ́, ó tún ṣì í. Àfòmọ́ orí igi kò fẹ́ kí igi kú, nítorí pé bí igi bá kú, òun náà kú. Ti agbọ́n yìí yàtọ̀. Yóò yé ẹyin sí inú kòkòrò funfun náà, ọmọ rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ láti inú wá, yóò sì dá èèpo rẹ̀ lu kí ó tó fò jáde. Ikú onílé ni ó fi ń dàgbà. Àfòmọ́ apani ni orúkọ tí ó bá a mu.

Aláǹtakùn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní. Ìbátan àkéekèe àti eégbọn ni. Yorùbá kò ṣẹ̀ bí ó bá pè é ní kòkòrò, nítorí pé orúkọ ìdílé ńlá ni kòkòrò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé sáyẹ́ǹsì ní láti ya kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́fà sọ́tọ̀ kúrò lára kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́jọ. Ọdẹ ni aláǹtakùn. Martin Nyffeler àti Klaus Birkhofer ṣírò rẹ̀ ní 2017 pé ohun tí àwọn aláǹtakùn gbogbo ayé ń pa jẹ lọ́dún wà láàárín tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 400 sí 800, kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́fà ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Indonesia, májèlé tí a ń fọ́n sí oko ìrẹsì pa aláǹtakùn àti àwọn ọdẹ mìíràn, kòkòrò afomi-ìrẹsì-mu sì gba oko. Ní 1986, ìjọba ibẹ̀ fi òfin de irú májèlé 57 lórí ìrẹsì. Apajẹ ni ó yẹ kí a máa pe ẹ̀dá tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ yìí, ìbáà ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ.

Oyin ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara òdòdó kan dé ara òmíràn nígbà tí ó bá ń wá oúnjẹ kiri. Igi emi, tí a ń rí òrí nínú èso rẹ̀, wà lára àwọn igi tí iṣẹ́ yìí ń mú so dáadáa. Ẹni tí ó bá kánjú ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lè pe oyin ní agbélẹ́bú. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, àgbélébùú ni etí ọmọ yóò gbọ́. Èdè Yorùbá kúkú ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín àwọn méjì tí ó fẹ́ fẹ́ ara wọn. Alárinà òdòdó kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a kàn pín kòkòrò sí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́. Èèrà tí ó ń pa ìdin jẹ lórí ewé kan lè máa ṣọ́ kòkòrò tí ó ń fa omi ewé mu lórí ewé kejì, nítorí omi dídùn tí ó ń rí lá lára rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ni ó yẹ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìwà. Àwọn mìíràn yóò ní kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. Ọ̀rọ̀ àyálò ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì yékéyéké ní èdè ìyá rẹ̀.

Kò yẹ kí iṣẹ́ yìí parí sí orí tábìlì yunifásítì. Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan, kí ó gbé e lọ sí Ìjàrà-Ìsin, Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà ń pe àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, kí ó sì wò bóyá apajẹ, àfòmọ́ apani àti alárinà òdòdó yé wọn láìsí ògbufọ̀. Ní ti ìgò inú ọjà, kí àwọn olùtumọ̀ má ṣe pè é ní oògùn mọ́. Májèlé kòkòrò ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé májèlé ni òun gbé dání yóò kọ́kọ́ yẹ ewé wò dáadáa, kí ó lè mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀.