Wáyà Kì í Fọ Eyín

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti ẹnu tí a fi ń pòwe, bí kò ṣe ti eyín tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí oníṣègùn eyín sọ pé ọmọbìnrin mi yóò lo wáyà nítorí pé eyín rẹ̀ gun ara wọn, àríyànjiyàn dé sílé wa. Ìyá mi ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ṣé ẹ fẹ́ dí èjí tí Ọlọ́run fi ṣe ọmọ mi lọ́ṣọ̀ọ́ ni?" Ẹ mọ ohun tí èjí jẹ́ fún wa. Àlàfo kékeré tó wà láàárín eyín iwájú méjì lókè, ẹwà ni Yorùbá kà á sí; láyé àtijọ́, àwọn kan tí a kò bí i mọ́ a tilẹ̀ máa jẹ́ kí a gbẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní tòun, ó ní fáàrí ayé òde òní lásán ni. Mo dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná, pé láti ọdún 1899 ni Edward Angle, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà, ti pín eyín tí kò pàdé ara wọn dáadáa sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Oníṣègùn wa ló wá parí ìjà: ó ní bí a bá fẹ́ kí èjí wà níbẹ̀, òun yóò fi í sílẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè pé ta ni yóò máa mójú tó fífọ eyín náà.

Lẹ́yìn ọdún 2, wọ́n tú wáyà. Eyín ti tò, èjí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yíká ibi tí irin kọ̀ọ̀kan ti lẹ̀ mọ́ eyín, mo rí àmì funfun bí ẹfun. Oníṣègùn ní fúlọ́ráìdì lè mú un rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó má parẹ́ tán.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo rò pé owó tí mo san ti ṣe gbogbo iṣẹ́, mo sì sọ fún ọmọ pé pákò tó tó.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wáyà a máa ti eyín jẹ́jẹ́. Egungun a máa yọ́ ní iwájú eyín náà, òmíràn a sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń gbà tó oṣù 18 sí 24. Ṣùgbọ́n èérí náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ a há sábẹ́ irin, kòkòrò àìfojúrí a sọ ṣúgà inú rẹ̀ di oró kíkan, oró náà a sì máa jẹ ara eyín. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi 4 péré, àmì funfun lè ti yọjú.

N kò ní kí a kó pákò Ìjẹ̀bú tàbí orin àtà dànù o. Ó ti fọ ẹnu àwọn baba wa fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n orin kò lè wọ abẹ́ wáyà, rírún un mọ́ irin sì lè ṣí irin kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí a lò, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlọ́ráìdì: kí a fọ òkè irin, kí a fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a fọ etí èrìgì, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín wọ abẹ́ wáyà. Ní alẹ́ kí a tó sùn, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Àmàlà, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà kò bá wáyà jà. Ìrèké tí a ń fi eyín bó, orógbó, kókóró, eegun tí a ń fọ́, àwọn ọ̀tá irin nìyẹn. Bí ó bá wu ọmọ láti jẹ àgbàdo, kí ó jẹ́ sísè, kí a sì rẹ́ ẹ kúrò lára kùkù. Bí irin bá ṣí, kí a tètè padà lọ; kí a má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Bí wáyà bá sì kúrò tán, kí a lo ohun ìdáyínró tí oníṣègùn bá fún wa, nítorí eyín a máa fẹ́ padà síbi tó ti wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí àṣà kan nílé wa: bí ọmọ bá jí, kò gbọdọ̀ bá àgbà sọ̀rọ̀ láìtíì fọ ẹnu. Kò sí òyìnbó tó kọ́ wa ní ìyẹn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìtọ́jú eyín oníwáyà jẹ́ àjèjì sí wa. Àṣà ìmọ́tótó tí a ti ní náà ni. Irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Èjí ni ilé wa jà fún, a sì rí i gbà. Ì bá ṣe pé a jà fún búrọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi kì bá máa fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín.

Wáyà ń to eyín ni. Kì í fọ eyín. Ó dìgbà kan ná.