Owó Oṣù Tí Wọ́n Gbé Lé Èrò Ọkọ̀ Lórí

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun yóò gúnlẹ̀, èrò a máa tò níwájú káńtà tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹni tí káàdì yàrá rẹ̀ sọnù wà níbẹ̀, ẹni tó ń wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú náà wà níbẹ̀. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé wọn wá: kí wọ́n bá àwọn yọ owó òṣìṣẹ́ kúrò nínú gbèsè àwọn. Owó yìí ni àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní owó ìdúpẹ́, tí aráyé ń pè ní típù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ mọ́ èrò lọ́rùn láìbi í, wọ́n á sì ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè wá sọ kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n pa á rẹ́.

Àwọn tó wà lórí ìlà yìí kò jẹ̀bi tán. Owó ìdúpẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de èèyàn kó tó gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀, ọpẹ́ wo ló kù nínú rẹ̀? Kì í sì í ṣe owó kékeré. Dọ́là 16 ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ Royal Caribbean ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ títí di November 2023, ó sọ ọ́ di 18, nígbà tó sì fi máa di September 2024, ó ti di 18.50 fún yàrá lásán, dọ́là 21 fún àwọn tó gba yàrá ńlá. Carnival gbé tirẹ̀ láti 14.50 sí 16 ní April 2023. Lọ́dún kan náà, Norwegian ti ń gba dọ́là 20. Bí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì bá wọ ọkọ̀ Royal Caribbean fún alẹ́ méje, dọ́là 518 ni owó ìdúpẹ́ nìkan. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó tó nǹkan bí owó oṣù mẹ́wàá ẹni tó ń gba náírà 70,000, iye tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Ohun mímu tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ra ọtí dọ́là 12 lórí ọkọ̀ Royal Caribbean yóò bá ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, ó di dọ́là 14.16. Ìdá 20 ni ti Norwegian. Ibi tó ti wá ń pani lẹ́rìn-ín ni pé rìsíìtì tí wọ́n gbé wá fún un láti fọwọ́ sí ṣì fi àyè sílẹ̀, bóyá ó tún fẹ́ fi nǹkan sí i. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò dúpẹ́ lórí ife kan.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹni tó lọ yọ owó yẹn ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ló ń pa. Ohun tó yọ kò dín kọ́bọ̀ kù lápò ẹni tó ni ọkọ̀. Wọ́n ń pa owó náà pọ̀ ni, kí wọ́n tó pín in fún ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn, ẹni tó ń gbé oúnjẹ, àti àwọn tí èrò kì í fojú rí títí ìrìn àjò fi máa parí, irú àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí èrò ń bínú sí jókòó sí ọ́fíìsì ní Miami. Ẹni tí ìbínú náà bà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó kó aṣọ ìnura mímọ́ dání, ó ń kí wọn káàárọ̀.

Ta ló wá yẹ kó san owó oṣù ẹni yẹn? Àwọn iléeṣẹ́ yìí ti fi ọgbọ́n yẹ ìbéèrè yìí sílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ wo Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Miami ní January 2024. Ó lè gbé èrò tó lé ní 7,000, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,350. Miami ni ọ́fíìsì àgbà Royal Caribbean tó ni ín wà, ṣùgbọ́n Làìbéríà, ní etí òkun tiwa níbí, ni wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Àsíá Bahamas ló ń fẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Panama ni Carnival ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní tirẹ̀, Bermuda ni ti Norwegian. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Philippines, Indonesia, India àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan owó iṣẹ́, òfin Amẹ́ríkà tó sọ iye tó kéré jù tí a lè san fún òṣìṣẹ́ kò dé orí ọkọ̀ tó ń fi àsíá ilẹ̀ òkèèrè rìn. Èbúté Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbéra, ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú èrò, dọ́là ni wọ́n ń ná. Òfin owó iṣẹ́ yẹn nìkan ni kò bá wọn wọ ọkọ̀.

Àdéhùn àgbáyé kan wà lóòótọ́. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe é ní Geneva ní 2006 lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi. Làìbéríà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú gbogbo ayé. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2013, ọdún náà gan-an ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àdéhùn náà gba orílẹ̀-èdè tó ni àsíá láàyè láti mú ọ̀kan nínú méjì: kí òṣìṣẹ́ má ṣiṣẹ́ ju wákàtí 72 lọ lọ́sẹ̀, tàbí kó rí wákàtí 77 fi sinmi, ó kéré tán. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ilẹ̀ tó bá mú ti ìsinmi, ọkọ̀ tó ń fi àsíá rẹ̀ rìn lè fi èèyàn sẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 91, kó má sì tíì rú òfin kankan. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ló wọ́pọ̀ nínú àdéhùn iṣẹ́ àwọn tó ń tún yàrá ṣe àti àwọn tó ń gbé oúnjẹ, odidi ọjọ́ ìsinmi kan kì í sì í sábà sí nínú rẹ̀.

Orí òkun kọ́ ni àṣà kí oníbàárà máa san owó oṣù ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí Yorùbá tó ń gbé Houston tàbí Atlanta mọ̀ ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865 tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, George Pullman, tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin tí èrò lè sùn nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú sí iṣẹ́. Wọ́n ń tẹ́ ibùsùn, wọ́n ń gbẹ́rù, wọ́n ń dán bàtà ní òru kí èrò tó jí. Owó oṣù tíńtín ni Pullman ń san. Èyí tó kù, kí wọ́n fi ẹ̀rín wá a lọ́wọ́ èrò. Ọ̀pọ̀ èrò kò tilẹ̀ bèèrè orúkọ wọn. "George" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, orúkọ ọ̀gá wọn, bí wọ́n ti ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fajú ro sí ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀, kò ní rí típù gbà lọ́jọ́ náà, típù sì ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Wákàtí 400 lóṣù ni iléeṣẹ́ náà ń retí lọ́wọ́ wọn. Ní August 1925, ní Harlem, A. Philip Randolph bá wọn dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Brotherhood of Sleeping Car Porters. Ọdún 12 ni wọ́n fi jà kí Pullman tó fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn ní 1937, owó oṣù wọn gòkè, wákàtí iṣẹ́ sì dínkù. Wọn kò bẹ èrò pé kí ó túbọ̀ lawọ́. Ọ̀gá ni wọ́n ní kó san owó iṣẹ́ tó tó jẹun.

Ìjà náà kò dé ibi gbogbo. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣì gba ilé oúnjẹ láàyè lónìí láti san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan fún ẹni tó ń gba típù, bí típù rẹ̀ bá ti lè gbé e dé 7.25. Láti 1991 ni 2.13 yẹn ti wà lójú kan.

Àwọn kan á ní Yorùbá kì í ṣahun, kí ni dọ́là 18 lójú ẹni tó ń ná owó lé olórin lórí? Ọ̀rọ̀ náà kò jọra. Ẹni tó ń náwó lóde àríyá ló yan ẹni tó fẹ́ ná an fún, òun ló mọ ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, gbogbo ojú sì ń wò ó. Kò sì sí olóde tó máa pe àlejò wá síbi ìnáwó, kó wá ní kí wọ́n dá owó àwọn tó gbé abọ́ kí wọ́n tó lọ sílé. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n kàn wọ aṣọ ọpẹ́ fún un.

Wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é lọ́nà mìíràn. P&O Cruises, tó ń gbéra láti Southampton, fòpin sí owó ojoojúmọ́ yìí ní May 2019, ó kó o pọ̀ mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Marella, iléeṣẹ́ Bìrìtìkó mìíràn, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Carnival fúnra rẹ̀, lórí àwọn ọkọ̀ tó ń gbéra láti Australia, inú owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń fi í sí, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. P&O tó ń ṣe dáadáa ní Southampton àti Carnival tó ń bu owó ojoojúmọ́ lé èrò lórí ní Miami, ọmọ baba kan náà ni wọ́n: Carnival Corporation ló ni méjèèjì. Ìdí tí wọn kò fi ṣe é ní Amẹ́ríkà kò ṣòro. Tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dà bíi pé ó pọ́ọ́kú nínú ìpolówó. Kí èrò wá bá ìyókù lórí omi.

Kí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó yíwà padà, ẹni tó ti wọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi òṣìṣẹ́ ṣe ẹran ìbínú. Kí owó ojoojúmọ́ wà níbi tó wà. Bí iṣẹ́ bá burú, ọjọ́ kejì ni kí wọ́n ti pe ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe, kí ó lè tún un ṣe, dípò kí wọ́n dákẹ́ títí alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá sí ẹnì kan pàtó, ẹni tó rántí pé màmá kì í jẹ ata, tó ń wá omi gbígbóná fún ọmọ lóru, kí ó fi dọ́là 10 tàbí 20 sínú àpòòwé, kí ó kọ orúkọ ẹni náà sí i, kí ó fi lé e lọ́wọ́. Owó ìwé ni kó jẹ́, kì í ṣe owó onírin tí kò ní rí ibi ṣẹ́. Kí wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń béèrè èrò èèyàn, torí àwọn ọ̀gá ń kà á. Àwọn alábàárù tó ń gba ẹrù ní èbúté Miami kì í ṣe ara òṣìṣẹ́ ọkọ̀, dọ́là kan tàbí méjì lórí báàgì kan ló wọ́pọ̀ fún wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn igbákejì rẹ̀ kì í gba típù, ẹni tó bá ki owó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ yóò kàn dójú ti ara rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará ìjọ náà, ẹ jọ̀ọ́: ìwé pélébé tí wọ́n kọ ìhìn rere sí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí owó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń múra àtigbéra láti Galveston tàbí Southampton, kí ó bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un léèrè bóyá owó òṣìṣẹ́ ti wà nínú iye tó pè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè san án ṣáájú: nígbà tí Royal Caribbean fi owó kún tirẹ̀ ní November 2023, iye àtijọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti san án kí ọjọ́ náà tó pé. Kí ó sì fi dọ́là 518 yẹn kún owó tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé rẹ̀ kí ó tó fi ọkọ̀ Royal Caribbean láti Miami wé ti P&O láti Southampton, nígbà náà ni yóò tó mọ èyí tó wọ́n nínú méjèèjì.